Sleep-in £50, on-call £15: wákàtí wo gan-an ni òfin UK ní kí wọ́n san?

Àbẹ̀kẹ́_Midlands

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú. Mo fẹ́ kí ẹni tó mọ òfin yìí dáadáa bá wa tú u palẹ̀, nítorí ohun tí máníjà ń sọ àti ohun tí àwa òṣìṣẹ́ ń sọ láàárín ara wa kò bára mu rárá.

Bí àdéhùn iṣẹ́ náà ṣe rí rèé. Ilé supported living ni (ilé tí àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́ ń gbé), ènìyàn mẹ́ta là ń tọ́jú níbẹ̀. Lójú mọmọ, £12.60 ni wákàtí kan. Sleep-in (kí èèyàn sùn síbi iṣẹ́, kó lè dìde bí wọ́n bá nílò rẹ̀ lóru) bẹ̀rẹ̀ ní aago 10 alẹ́, ó parí ní aago 7 àárọ̀. £50 ni, wọ́n jí wa o, wọn ò jí wa o. Sleep-in mẹ́ta ló máa ń bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan lọ́sẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí à ń tọ́jú kì í sùn mọ́jú, ó máa ń tó ìṣẹ́jú 50 kó tó padà sùn. Yàtọ̀ sí èyí, fóònù on-call wà fún òpin ọ̀sẹ̀: ilé ẹni lèèyàn máa wà, fóònù á wà lọ́wọ́, £15 lálẹ́ kan.

£50 pín sí wákàtí 9, kò pé £5.60. Ṣé òfin gbà bẹ́ẹ̀? Àwọn ìṣẹ́jú tí wọ́n fi jí wa ńkọ́? Ti fóònù ńkọ́? Tó bá sì jẹ́ pé wọ́n jẹ wá lówó, báwo lèèyàn ṣe máa gbà á tí iṣẹ́ àti físà kò fi ní bá a lọ?

OmoOgbomoso

Kò gba àlàyé. Bó o bá ti wà nínú ilé wọn, tí o kò lè jáde lọ ibì kankan, ẹnu iṣẹ́ lo wà. Wákàtí 9 lọ́nà £12.21, owó-iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin dá láti oṣù kẹrin ọdún 2025, £109.89 ló yẹ kí wọ́n san lálẹ́ kan. Ẹ pè wọ́n lẹ́jọ́.

Akọ̀wé_Owó

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí o sọ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́, àwọn adájọ́ kan náà sì gbà á bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 2021 ni Supreme Court ti parí ọ̀rọ̀ náà nínú ẹjọ́ Tomlinson-Blake, obìnrin olùtọ́jú kan, àti Mencap, àjọ aláàánú tó gbà á síṣẹ́. Aago 10 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀ ni sleep-in obìnrin náà, bí ti Àbẹ̀kẹ́ gẹ́lẹ́. £29.05 ni wọ́n ń san fún un lálẹ́. Láàárín oṣù 16, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré ni ó ní láti dìde ṣe nǹkan kan. Employment Tribunal (ilé ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́) dá a láre, àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àkọ́kọ́ náà dá a láre, àfi ìgbà tó dé Court of Appeal ní 2018 tí ọ̀rọ̀ yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Supreme Court sì fọwọ́ sí ìyẹn.

Ohun tí wọ́n gbé ìdájọ́ náà kà ni ìlànà owó-iṣẹ́ tó kéré jù ti ọdún 2015, ìpín 32. Ìpín yẹn sọ nǹkan méjì, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́: bí wọ́n bá ní kí o wà ní sẹpẹ́ níbi iṣẹ́ tàbí nítòsí rẹ̀, wákàtí iṣẹ́ ni, àyàfi tó bá jẹ́ pé ilé ara rẹ lo wà. Ìkejì: bí àdéhùn bá jẹ́ kí o sùn níbi iṣẹ́, tí wọ́n sì fún ọ ní ibi tó yẹ èèyàn láti sùn sí, kìkì ìgbà tí ojú rẹ là nítorí iṣẹ́ ni wọ́n máa kà.

"Nítorí iṣẹ́" yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí ariwo mọ́tò bá gba oorun lójú rẹ, tí o ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún títí ilẹ̀ fi mọ́, òfin ò kà á sí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí bẹ́ẹ̀lì bá dún, tí o dìde lọ wo ẹni náà, tí o pààrọ̀ aṣọ ìbusùn rẹ̀, tí o jókòó tì í títí ó fi sùn, tí o wá kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ilé kí o tó padà sórí ibùsùn, iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀, títí kan ìwé tí o kọ.

Nítorí náà Àbẹ̀kẹ́, £50 fún òru kan kò rú òfin fúnra rẹ̀. Òfin ò dá iye kankan sílẹ̀ fún sísùn. Àwọn ìṣẹ́jú 50 yẹn ni wọ́n ní láti jíhìn lé lórí.

Mo máa fi nọ́ńbà ṣe é, torí ibi ìṣirò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ẹjọ́ tó yẹ kí wọ́n borí. Ẹ mú oṣù kẹwàá ọdún 2025, nígbà tí owó tó kéré jù fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 jẹ́ £12.21. Ká ní òṣìṣẹ́ náà ṣe wákàtí 132 lójú mọmọ. 132 lọ́nà £12.60 jẹ́ £1,663.20. Ó ṣe sleep-in 12, ìṣẹ́jú 50 ni wọ́n fi jí i nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ìṣẹ́jú 600, wákàtí 10 gbáko. Wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ lóṣù yẹn wá di 142. Ẹ pín £1,663.20 sí 142, ẹ máa rí £11.71. Wọ́n ti já sábẹ́ òfin nìyẹn. £1,733.82 ló yẹ kó gbà, £70.62 ló kù.

Máníjà á wá ní, "Owó sleep-in 12 tí a san, £600, ti bo ìyẹn mọ́lẹ̀." Ibí yìí gan-an ni ìjà máa ń wà. Òfin sọ pé owó àjẹmọ́nú tí kì í ṣe owó iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ṣe gan-an, wọn ò gbọdọ̀ fi dí ihò owó-iṣẹ́ tó kéré jù. Ẹ lọ ka ohun tí ìwé àdéhùn pe £50 náà. Bó bá ní owó wíwà níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bó bá sọ pé owó wákàtí iṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀, a jẹ́ pé wákàtí kan yẹn ti gba owó tirẹ̀, èyí tó bá lé lórí rẹ̀ lẹ lè béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ti Mencap ṣe rí: £22.35 fún sísùn, £6.70 fún wákàtí iṣẹ́ kan.

Ohun kan tún wà tí inú òṣìṣẹ́ kì í dùn láti gbọ́. Gbogbo owó iṣẹ́ inú oṣù ni òfin yìí ń pín sórí gbogbo wákàtí inú oṣù. Kì í wo òru kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí owó ojú mọmọ bá jẹ́ £13.50, 132 lọ́nà £13.50 jẹ́ £1,782. Pín in sí 142, £12.54 ati díẹ̀. Ó ti kọjá £12.21. Wákàtí 10 tí wọn ò san rárá kò rú òfin owó-iṣẹ́ tó kéré jù mọ́ nìyẹn. Bí ọ̀ràn bá rí báyìí, àdéhùn iṣẹ́ nìkan ló kù láti dì mú: bó bá wà níbẹ̀ pé wọ́n máa san wákàtí tí wọ́n bá jí èèyàn, owó tí wọ́n gé láìbófinmu ni, iye tó wù kó jẹ́.

Adérẹ̀mí_Rota

Ohun tí Akọ̀wé sọ tọ̀nà, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un lórí orúkọ tí wọ́n ń pe shift.

"Sleep-in" tí wọ́n kọ sórí rota (ìwé ètò iṣẹ́) kọ́ ló ń pinnu. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ni wọ́n retí kí èèyàn máa ṣe mọ́jú, tí wọ́n kàn gbà á láyè kó rẹjú díẹ̀ láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì, waking night (iṣẹ́ òru tí ojú kì í gbé) ni, gbogbo wákàtí ló ní owó. Àwọn àmì tí mo máa ń wò: Ṣé wọ́n ní kí ẹ lọ yẹ àwọn èèyàn wò ní wákàtí méjì-méjì? Ṣé oògùn wà tí ẹ ní láti fún ẹnì kan láago 2 òru? Ṣé ètò ìtọ́jú ẹni náà, èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ ń sanwó lé lórí, pè é ní waking night nígbà tí rota ń pè é ní sleep-in? Èyí tó kẹ́yìn yìí lágbára gan-an, nítorí ìwé ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń ta kò ó.

Ibi tí wọ́n ń sùn náà ńkọ́? "Ibi tó yẹ èèyàn láti sùn sí" ni òfin sọ. Ibùsùn nínú yàrá tó ní ilẹ̀kùn ló yé gbogbo ayé. Àga gbọọrọ ní pálọ̀, níbi tí iná ò ti gbọdọ̀ kú, tí àwọn tí à ń tọ́jú ń gbà kọjá, èmi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyẹn ní ibùsùn láìjà. Bí kò bá sí ibi tó yẹ láti sùn sí, ìdí tí wọ́n fi ń yọ wákàtí sísùn kúrò ti yẹ̀ nìyẹn.

Lórí fóònù: ilé ara ẹni ni òfin yọ sílẹ̀, torí náà dídúró de ìpè nílé kì í ṣe wákàtí iṣẹ́ fún owó-iṣẹ́ tó kéré jù. £15 yẹn, àdéhùn ló dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kété tí fóònù bá ti dún tí o gbé e, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kò sì parí títí o fi parí ìpè tí o pe ẹlòmíràn nítorí rẹ̀, ìméèlì tí o kọ, àti àkọsílẹ̀ tí o ṣe. Ìpè ìṣẹ́jú 4 lè bí iṣẹ́ ìṣẹ́jú 35. Ìṣẹ́jú 4 ni àwọn èèyàn máa ń kọ sílẹ̀.

Bí wọ́n bá wá ní kí o má wà nílé, kí o wá jókòó sí ọ́fíìsì tàbí sínú mọ́tò lẹ́bàá ilé ẹni tí à ń tọ́jú títí wọn yóò fi pè ọ́, tí kò sí ibi ìsùn, wákàtí iṣẹ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyá_Táyé_Leeds

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọkùnrin olófin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé, nítorí láìsí ìwé, ẹnu lásán ni gbogbo ìṣirò yìí.

Ra ìwé kékeré kan, tàbí lo fóònù rẹ. Fún òru kọ̀ọ̀kan, kọ ọjọ́, aago tí ojú rẹ là, ohun tó jí ọ, ohun tí o ṣe, aago tí o padà sórí ibùsùn. Kọ ọ́ ní òru yẹn kan náà. Èyí tí wọ́n bá kó jọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo pẹ̀lú bírò kan náà fún oṣù mẹ́ta, ẹni tó ń gbẹjọ́ máa rí i. Má kọ orúkọ ẹni tí o ń tọ́jú. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tàbí nọ́ńbà yàrá ti tó. Má ya fọ́tò àkọsílẹ̀ ìtọ́jú ẹnikẹ́ni kí o gbé e lọ sílé. Àṣírí aláìsàn ni, wọ́n lè fi ìyẹn nìkan lé ọ kúrò níṣẹ́, wọ́n á sì jàre.

Ohun tó ń mú kí ìwé tìrẹ lẹ́sẹ̀ ni kó bá ti ilé mu. Bí o bá kọ 2:10 sí 3:00 sínú ìwé tìrẹ, jẹ́ kí àkọsílẹ̀ ilé, yálà orí ìwé tàbí orí tablet, sọ aago kan náà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló máa ń kọ "kò sùn dáadáa lóru, a fi í lọ́kàn balẹ̀" láìsí aago kankan. Gbólóhùn yẹn ò lè sọ ara rẹ̀ di owó.

Lẹ́yìn náà, wo payslip (ìwé tó ń fi owó oṣù hàn). Láti oṣù kẹrin ọdún 2019, bí owó rẹ bá ń yí pẹ̀lú wákàtí tí o ṣe, payslip gbọ́dọ̀ fi iye wákàtí yẹn hàn. Wo bóyá wọ́n da owó sleep-in pọ̀ mọ́ owó wákàtí nínú ìlà kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá dà á pọ̀, béèrè ìtúpalẹ̀ rẹ̀ nínú ìméèlì, lọ́nà pẹ̀lẹ́, kí o má tíì dárúkọ òfin rárá.

Àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé lójú mọmọ, ẹ má gbàgbé ìrìn: láti ilé oníbàárà kan sí òmíràn, wákàtí iṣẹ́ ni. Láti ilé yín lọ sí ti àkọ́kọ́, kì í ṣe é. Epo mọ́tò tí ẹ bá fi owó ara yín rà fún ìrìn àárín méjèèjì tí wọn ò dá padà, ṣe ni ẹ máa yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n san kí ẹ tó fi wéra pẹ̀lú owó tó kéré jù lásìkò yẹn. Yúnífọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí ẹ rà náà ńkọ́? Bákan náà.

Adérẹ̀mí_Rota

Ìyá Táyé, ẹ kú ọgbọ́n. Mo gbàgbé ìsinmi, òun sì lohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú òfin yìí.

Sleep-in tí òfin owó ní kì í ṣe iṣẹ́ nígbà tí èèyàn bá sùn, òfin wákàtí iṣẹ́ ti 1998 kà á sí wákàtí iṣẹ́, oorun àti gbogbo rẹ̀. Ìyẹn wá láti ilé ẹjọ́ Yúróòpù: ẹjọ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Spain tí wọ́n ń pè ní SIMAP ní 2000, lẹ́yìn náà ẹjọ́ Jaeger, dókítà kan ní Kiel ní Jámánì, ní 2003. Wọ́n ní ẹni tí kò lè kúrò nílé ìwòsàn wà lẹ́nu iṣẹ́ bó tilẹ̀ ń sùn. Ní 2018 wọ́n tún sọ nípa panápaná kan ní Belgium pé bí ó tilẹ̀ wà nílé ara rẹ̀, níwọ̀n bí wọ́n ti ní kó dé ibi iṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 8, ẹnu iṣẹ́ ló wà. Nítorí náà òfin kan ń wo oorun rẹ ó ní o ò ṣiṣẹ́, èkejì ń wo oorun kan náà ó ní o ò sinmi. Àwọn méjèèjì ló dúró.

Àǹfààní wo ló wà níbẹ̀? Ẹ wo òṣìṣẹ́ tí Akọ̀wé fi ṣe àpẹẹrẹ. Wákàtí 132 lóṣù ń lọ sí bíi 30 lọ́sẹ̀. Sleep-in mẹ́ta fi 27 kún un. 57 lọ́sẹ̀ nìyẹn, nígbà tí òfin ní kó má kọjá 48 ní ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ 17. Àfi bó bá ti fọwọ́ sí ìwé opt-out, ìwé pé òun gbà láti kọjá 48, èyí tí wọ́n sábà máa ń fi há àárín ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́. A lè yọwọ́ kúrò nínú ìwé yẹn pẹ̀lú ọjọ́ 7. Bí ìwé náà bá sọ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò lè kọjá oṣù 3. Opt-out kò sì kan ìsinmi ojúmọ́. Wákàtí 11 láàárín shift méjì ṣì wà. Bí iṣẹ́ ìtọ́jú kò bá jẹ́ kó ṣeé ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìsinmi mìíràn tó tó bẹ́ẹ̀ dí i. Rota tó ń so shift ọ̀sán mọ́ sleep-in, tó tún so sleep-in mọ́ shift àárọ̀, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tí kò sí ìsinmi kankan lẹ́yìn rẹ̀, ni kí ẹ gbé síwájú máníjà. Ìyẹn máa ń tètè yí rota padà ju ẹjọ́ owó lọ, èrò tèmi nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n_Baltimore

Ẹ̀yin ará London àti Midlands, ẹ kú ìjókòó. Mo kàn fẹ́ kí àwọn tó ń ka èyí láti Amẹ́ríkà má gbé ìdájọ́ Mencap lọ bá ọ̀gá wọn o. Tiwa yàtọ̀ pátápátá.

Níbí, bí shift kò bá pé wákàtí 24, tí ọ̀gá ní kí o wà lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ni wákàtí iṣẹ́ bí wọ́n tilẹ̀ gbà kí o sùn. Aago 10 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀ ti Àbẹ̀kẹ́ ìbá jẹ́ wákàtí 9 tó lówó lábẹ́ òfin àpapọ̀ níbí. Bí ó bá pé 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tó lè yọ oorun, wọn ò sì lè yọ ju wákàtí 8. Àdéhùn gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì, ibi ìsùn tó dára gbọ́dọ̀ wà, oorun náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọn kì í sábà dá dúró. Ìgbà tí wọ́n bá jí ọ, wọ́n á san án. Bí o kò bá rí tó wákàtí 5 sùn, gbogbo òru náà padà di iṣẹ́. Lórí ìyẹn ni overtime tún wà: kọjá wákàtí 40 lọ́sẹ̀, owó wákàtí náà lọ́nà ìlọ́po kan àtààbọ̀.

New York tún ní tirẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe wákàtí 24 nílé aláìsàn: wákàtí 13 ni wọ́n ń san, wọ́n á yọ 8 fún oorun àti 3 fún oúnjẹ. Kóòtù tó ga jù níbẹ̀ fọwọ́ sí i ní 2019. Ṣùgbọ́n wákàtí 5 nínú oorun yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò dá dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo 24 ni wọ́n máa san. Àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí wọ́n ń yí padà lórí ibùsùn ní wákàtí méjì-méjì, ẹ ti mọ ohun tí mo ń wí. Ọdún 2 ni èèyàn ní láti pẹjọ́ lábẹ́ òfin àpapọ̀, ọdún 3 bí ọ̀gá bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Àbẹ̀kẹ́_Midlands

Ẹ ṣeun gidigidi. Àdéhùn náà kò sọ pé wákàtí iṣẹ́ kan wà nínú £50. "Owó sleep-in" lásán ló pè é. Àwọn mìíràn láàárín wa wà lórí físà Health and Care. Ṣé wọ́n lè béèrè owó yìí láìsí pé ilé-iṣẹ́ fagi lé sponsor wọn, ìyẹn ìgbọ̀wọ́ ilé-iṣẹ́ tó mú físà wọn dúró? Ẹnì kan tún wà tó ń ṣe live-in, tó ń gbé inú ilé ìyá arúgbó kan látọdún dé ọdún. Ṣé òfin kan náà ló kàn án?

Akọ̀wé_Owó

Live-in ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí kò bá sí wákàtí pàtó nínú àdéhùn, òfin ń pè é ní iṣẹ́ tí a kò fi wákàtí wọ̀n. Ẹ̀yin méjèèjì lè kọ ìwé kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tó sọ iye wákàtí tí ẹ rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan máa gbà. Iye yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ìwé tó sọ wákàtí 7 nígbà tí iṣẹ́ ń gba 12 kò ní dúró. Bí kò bá sí ìwé kankan, gbogbo wákàtí tí ó ṣe gan-an ni wọ́n máa kà, nítorí náà kí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí. Àwáwí kan ti wà rí, pé ẹni tí wọ́n ń ṣe bí ọmọ ilé nínú ìdílé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó-iṣẹ́ tó kéré jù. Ìjọba ti yọ ọ́ kúrò nínú òfin láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ọmọ wa ni" gba owó yín.

Ti físà: owó-iṣẹ́ tó kéré jù kò bi ẹni tó wà lórí físà àti ẹni tí kò sí lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá lé èèyàn nítorí pé ó béèrè owó yìí, ìléniníṣẹ́ tí kò tọ́ ni láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò nílò kó ti lo ọdún kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Bí iṣẹ́ bá parí, sponsor gbọ́dọ̀ sọ fún Home Office (ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí físà) láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, Home Office sì lè gé físà kù sí ọjọ́ 60. Ẹjọ́ kì í parí ní ọjọ́ 60. Kí ẹni tó wà lórí físà wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, bíi UNISON, kó tó kọ lẹ́tà, kó sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ bíi márùn-ún fọwọ́ sí lẹ́tà kan náà. Ó ṣòro láti lé márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí rota ò ní ẹlòmíràn.

Ẹ tún yẹ Certificate of Sponsorship wò, ìwé ìgbọ̀wọ́ tí ilé-iṣẹ́ fúnni fún físà. Fún èyí tí wọ́n fún olùtọ́jú láti ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 2025, owó wákàtí kò gbọdọ̀ kéré sí £12.82, wọn kì í sì í ka owó àjẹmọ́nú mọ́ ọn. £12.60 kò kúnjú ìwọ̀n fún ẹni tí tirẹ̀ jáde lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, sleep-in ì báà jẹ́ £50 tàbí £90.

Bí ẹ ṣe máa tò ó rèé. Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà tó ń béèrè àkọsílẹ̀ wákàtí àti owó yín lábẹ́ ìpín 10 òfin National Minimum Wage Act 1998. Ẹ dárúkọ oṣù tí ẹ fẹ́ wò, ẹ sọ pé ẹ ní ìdí láti gbà pé owó yín lè ti já sábẹ́ òfin. Ọjọ́ 14 ni wọ́n ní. Bí wọn ò bá gbé e jáde, Employment Tribunal lè ní kí wọ́n san ìlọ́po 80 owó wákàtí tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ náà, lórí £12.21 ti oṣù kẹwàá ọdún 2025, £976.80 nìyẹn, kí a tó dé orí gbèsè gan-an. Àkọsílẹ̀ ọdún 6 ni wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú, nítorí náà "a ti sọ ọ́ nù" kì í ṣe ìdáhùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ẹ̀sùn sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú ìṣirò oṣù kọ̀ọ̀kan, bí èyí tí mo ṣe lókè. Ẹ má kọ "ẹ jẹ wá lówó" kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ kọ wákàtí, ẹ kọ iye, ẹ kọ èyí tó kù. Bí wọn ò bá dáhùn dáadáa, ACAS, àjọ tó ń làjà láàárín òṣìṣẹ́ àti ilé-iṣẹ́, ló kàn, 0300 123 1100. Early conciliation wọn (ìlàjà kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀) kò gba kọ́bọ̀, Employment Tribunal náà kò gba owó ìpẹ̀jọ́ láti 2017. Ẹ má jẹ́ kí oṣù 3 dín ọjọ́ 1 kọjá láti ọjọ́ tí wọ́n san owó tó kéré kẹ́yìn kí ẹ tó kàn sí ACAS. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n ń dúró de ìdáhùn ẹ̀sùn, ilé-iṣẹ́ ń fi "a ṣì ń wò ó" fà á, àkókò á sì kọjá lórí wọn. Ẹ̀sùn inú ilé-iṣẹ́ kì í dá aago yẹn dúró.

Tribunal kì í lọ sẹ́yìn ju ọdún 2 lọ fún owó tí wọ́n gé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ọ̀nà ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣọ́ owó-iṣẹ́ tó kéré jù, ọdún 6 ni wọ́n lè lọ sẹ́yìn, ẹ lè ṣe é láìfi orúkọ hàn, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn tó tó ìlọ́po méjì gbèsè náà lé ilé-iṣẹ́ lórí, títí dé £20,000 fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń pẹ́. Ẹni tó fẹ́ fi orúkọ pamọ́ nítorí físà, ọ̀nà yẹn ni mo máa ní kó gbà.

Àbẹ̀kẹ́_Midlands

Èyí tó kẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́: gbèsè tó ti pẹ́, ṣé iye ìgbà yẹn náà ni wọ́n máa san?

Akọ̀wé_Owó

Rárá. Bí owó tó kéré jù bá ti gòkè kí wọ́n tó san, ẹ pín gbèsè náà sí iye owó wákàtí ìgbà yẹn, kí ẹ wá fi iye tuntun sọ ọ́ di púpọ̀. Àpẹẹrẹ: gbèsè £57.20 láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí ó jẹ́ £11.44, jẹ́ wákàtí 5. Bí wọ́n bá san án nígbà tí iye rẹ̀ jẹ́ £12.21, £61.05 ni wọ́n máa kà sílẹ̀. Ẹ ṣe ìlà kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan, nítorí gbogbo oṣù kẹrin ni iye yẹn ń yí.